Mo fín tòmátì lọ́jọ́ Ajé, ó ti pọ́n lónìí: ìgbà wo ni mo lè ká a?

OlókoẸ̀yìnkùlé (Ọjọ́bọ̀, 6:40 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará oko. Ìbéèrè méjì ni mo gbé wá. Ẹ dákun, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ọdún kejì mi nídìí ọ̀gbìn rèé.

Àkọ́kọ́: mo rí kòkòrò lára tòmátì mi lọ́jọ́ Ajé, mo bá fín oògùn sí i. Cypermethrin ni wọ́n kọ sára ike rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ń fín in, àwọn èso náà ti tóbi ṣùgbọ́n wọn ò tíì pọ́n. Lónìí, mẹ́fà ti pupa fòò. Ọwọ́ ń yún mi. Ṣé kí n ká a, àbí kí n dúró? Bí mo bá fi omi fọ̀ ọ́ dáadáa ńkọ́?

Èkejì: ebè kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí mo gbin àgbàdo sí tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá mi tọ́jú rẹ̀ nígbà yẹn fín oògùn apako, èyí tó ń pa èpò, sí i, ó ní atrazine ni. Ó ti lé díẹ̀ ní oṣù méjì. Ẹ̀wà àti lẹ́túùsì ni mo fẹ́ gbìn síbẹ̀ báyìí. Ṣé oògùn yẹn ti kú?

Mo ti wá a kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì títí orí mi fi dàrú. Lórí oògùn kan náà, ẹnì kan á ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹlòmíràn á ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́.

Ó_Ti_Pẹ́_Lóko

Ká a, fọ̀ ọ́, jẹ ẹ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń fín oògùn, ọjọ́ kejì ni mo máa ń ká tèmi, mo ṣì wà láyé, eyín mi sì pé. Bí òjò kan ṣoṣo bá ti rọ̀ sí i, ó parí, gbogbo rẹ̀ á ṣàn lọ.

ÌyáỌlọ́gbà

Ẹ̀gbọ́n, a dúpẹ́ pé eyín yín pé. Ṣùgbọ́n eyín kọ́ ni wọ́n fi ń wọn oògùn.

Àbúrò OlókoẸ̀yìnkùlé, gbé ike oògùn yẹn, kí o ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kí o tó ka ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni níbí, tèmi pẹ̀lú. Wá ibi tí wọ́n kọ orúkọ tòmátì sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wàá rí iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ìgbà tí o fín oògùn kẹ́yìn àti ọjọ́ tí o máa kórè. Ọjọ́ yẹn ni kí o tẹ̀ lé. Má ṣe wo ti ọ̀rẹ́ rẹ tó lo cypermethrin, nítorí ike kan lè le ju èkejì lọ, iye ọjọ́ tí wọ́n kọ fún kábéèjì sì lè yàtọ̀ sí ti tòmátì nínú ike kan ṣoṣo. Bí kò bá sí orúkọ tòmátì níbẹ̀ rárá, oògùn yẹn kì í ṣe ti tòmátì nìyẹn, má tún fín in mọ́.

Ohun méjì tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé: bí o bá fín in lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó kẹ́yìn ni wàá bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ibẹ̀. Bí o bá sì pò ó ju bí wọ́n ṣe ní kí o pò ó lọ, iye ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò bá ọ wí mọ́. Báwo lo ṣe wọ̀n ọ́n?

OlókoẸ̀yìnkùlé

Mà, ìdérí ike náà ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ìdérí méjì sínú ẹ̀rọ ìfín kan. Jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n lọ wo ike náà, ó wà ní ibi tí mo ń kó irinṣẹ́ sí.

BàbáLáàbù

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i kó tó dé. Láàbù tí wọ́n ti ń yẹ irè oko wò fún ìyókù oògùn ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ìdí tí àwọn nọ́ńbà tó rí kò fi bára mu ni pé kò sí oògùn tó ní ọjọ́ ikú kan ṣoṣo. Ohun tí àwa máa ń wá ni ọjọ́ ìlàjì rẹ̀, ìyẹn iye ọjọ́ tó gbà kí ìdajì rẹ̀ tó pòórá. Ìdajì ni mo wí o. Ká ní 100 ló wà lára ewé lónìí, tí ọjọ́ ìlàjì rẹ̀ sì jẹ́ 5. Lẹ́yìn ọjọ́ 5, ó ku 50. Lẹ́yìn ọjọ́ 10, 25 ló kù. Ọjọ́ 15, 12.5. Ó di ọjọ́ 35, lẹ́yìn tó ti gé ara rẹ̀ sí méjì lẹ́ẹ̀meje, kó tó wálẹ̀ kọjá 1. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á rí i kà pé ìlàjì rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 5, wọ́n á ní lọ́jọ́ kẹwàá ó ti tán.

Ọjọ́ ìlàjì yìí náà kì í dúró sójú kan. Ẹ wo glyphosate, oògùn apako kan: nínú ilẹ̀, wọ́n ti rí ibi tó ti jẹ́ ọjọ́ 2, wọ́n sì ti rí ibi tó ti jẹ́ 197. 47 ni wọ́n sábà máa ń kọ sílẹ̀ bíi ti ààrin. Imidacloprid, oògùn kòkòrò kan, tún burú jù bẹ́ẹ̀: láti ọjọ́ 40 dé 997. Nítorí náà ẹni tó sọ pé ọjọ́ mẹ́ta àti ẹni tó sọ pé ọgọ́rùn-ún, ó lè jẹ́ pé kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ilẹ̀ wọn ni kò rí bákan náà.

Kí ló ń pa oògùn gan-an? Lórí ewé, oòrùn ni olórí. Pyrethrin, èyí tí wọ́n ń rí lára òdòdó, wákàtí díẹ̀ nínú oòrùn ti tó láti bà á jẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi jókòó ṣe irú rẹ̀ tí oòrùn kò ní tètè pa, ibẹ̀ ni cypermethrin àti permethrin ti wá. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n dára fún àgbẹ̀ náà ló jẹ́ kí wọ́n pẹ́ lára èso. Omi náà ń pa àwọn kan. Ewéko fúnra rẹ̀ ń lọ àwọn mìíràn kúnná nínú ara rẹ̀. Nínú ilẹ̀, tí oòrùn ò dé, àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú ò lè rí ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, oúnjẹ ni wọ́n fi í ṣe. Ohun tó bá dẹ́rùn fún wọn, bí ilẹ̀ tó móoru, tó rin níwọ̀nba, tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, òun ló ń jẹ́ kí oògùn tètè kú. Ilẹ̀ tútù tàbí ilẹ̀ gbígbẹ táútáú, ṣe ni oògùn á jókòó síbẹ̀. Bí ìmóoru bá dín ní ìwọ̀n 10 lórí Celsius, iṣẹ́ wọn sábà máa ń fà dé bí ìlọ́po méjì àkókò.

Cypermethrin tìrẹ yìí, nínú ilẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́jọ ni ìlàjì rẹ̀. Lórí ewé, ó yá jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀? Mi ò ní jẹ ẹ́.

Apálá_àti_Ata

Ẹ ṣé, Bàbá. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un tó máa ń tan àwa tí a ń gbin kùkúḿbà jẹ. Kùkúḿbà tó wọn gíráàmù 20 lọ́jọ́ tí mo fín in, bó bá di 200 kí n tó ká a, iye oògùn tó wà nínú gíráàmù kọ̀ọ̀kan ti di ìdá kan nínú mẹ́wàá, láìjẹ́ pé ẹyọ oògùn kan kú. Ara rẹ̀ ló tóbi, oògùn náà sì tàn ká. Ewé tó ń yára dàgbà náà ń jàǹfààní yìí.

Ṣùgbọ́n èso tó ti tóbi tán kí ẹ tó fín in, tó kàn ń pọ́n, kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí ẹ fín sí i ló gbé dání.

ÌyáỌlọ́gbà

Ọ̀rọ̀ tòmátì mẹ́fà yẹn gan-an lo sọ yẹn.

OlókoẸ̀yìnkùlé

Mo ti dé. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ ọ́. Ìwé ara ike náà kọ tòmátì síbẹ̀ o, ọjọ́ méje ni wọ́n ní kí n dúró. Ṣùgbọ́n fún ẹ̀rọ ìfín tó tó tèmi, ìdérí kan ni wọ́n sọ. Méjì ni mo bù.

Nǹkan kan tún wà tí mo gbàgbé láti sọ. Abẹ́ ọ̀rá ni àwọn tòmátì náà wà. Mo fi ọ̀rá funfun ṣe ilé bò wọ́n kí òjò má baà bà wọ́n jẹ́.

Ó_Ti_Pẹ́_Lóko

Ó dáa, mo gba ti òjò yẹn padà.

BàbáLáàbù

Ọ̀rá yẹn ṣe pàtàkì ju bó o ṣe rò lọ. Òjò ò kàn án, ìyẹn yé wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rá púpọ̀ tún máa ń dí apá kan lára ìtànṣán oòrùn, apá tó ń ba oògùn jẹ́ gan-an sì ni. Nítorí náà lábẹ́ ọ̀rá, oògùn kan náà sábà máa ń pẹ́ lára ewé ju ìta gbangba lọ. Wo ike náà dáadáa bóyá wọ́n kọ ọ́ pé kí wọ́n má lò ó lábẹ́ ibi tí a bò.

Ti ìdérí méjì: bó bá jẹ́ pé 200 lo fín dípò 100, ọjọ́ ìlàjì kan gbáko lo fi kún ìdúró rẹ kí o tó dé ibi tí ẹni tó fín 100 ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò yẹn rọrùn. Ohun tí kò rọrùn ni pé nọ́ńbà méje yẹn, wọn ò fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Wọ́n máa ń fín oògùn sí oko ìdánwò bí ìwé ṣe wí, wọ́n á máa ká èso lọ sí láàbù lọ́jọ́ kìíní, ìkẹta, ìkeje, títí iye tó kù á fi wọ abẹ́ òté, ìyẹn iye tó pọ̀ jù tí òfin gbà láàyè. Ó yẹ kí ẹ tún mọ èyí: lọ́jọ́ keje, oògùn ṣì wà níbẹ̀. Ó kàn ti kéré dé ibi tí wọ́n gbà ni. Òté yẹn lè kéré gan-an. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, fún oògùn tí wọn ò bá ya òté sọ́tọ̀ fún lórí irè kan, 0.01 mílígíráàmù nínú kílò kan ni. Ìyẹn gíráàmù kan ṣoṣo nínú ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù tòmátì.

Èmi ò lè fún ọ ní nọ́ńbà tuntun fún ìdérí méjì lábẹ́ ọ̀rá. Kò sẹ́ni tó dán ìyẹn wò fún ọ. Mẹ́fà tó ti pọ́n yẹn, já a dànù.

Òǹkàwé_Jẹ́jẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, mo máa ń kàn ń kà ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ń jẹ mí lẹ́nu. Ṣé kò lè ká a báyìí, kó gbé e sínú fíríìjì, kó fi ibẹ̀ dúró de ọjọ́ tó kù? Ọjọ́ ṣá ni ọjọ́.

Apálá_àti_Ata

Rárá o. Inú fíríìjì ṣókùnkùn, ó sì tutù. Gbogbo ohun tí Bàbá kà sílẹ̀ pé ó ń pa oògùn, ẹ ti gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí èso ń lò lórí igi rẹ̀ ni wọ́n kà.

Ẹ tún rántí ọkà inú àká. Oògùn bíi pirimiphos-methyl tí wọ́n ń pò mọ́ ọkà, wọ́n ṣe é kó lè wà lára ọkà fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú òkùnkùn ni, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá mú oògùn inú àká lọ fín ewé, tàbí tó mú oògùn ewé lọ pò mọ́ ọkà, ìṣirò rẹ̀ ti dojú rú láti ìbẹ̀rẹ̀.

Òǹkàwé_Jẹ́jẹ́

Ó yé mi. Fífọ̀ ńkọ́? Wọ́n ní iyọ̀, wọ́n ní ọṣẹ.

ÌyáỌlọ́gbà

Ọṣẹ kọ́. Èso máa ń fa ọṣẹ mu, ẹ má lọ fi nǹkan kan rọ́pò nǹkan mìíràn. Omi tó ń ṣàn, kí ẹ fi ọwọ́ ra á dáadáa, ìyẹn ń mú ìdọ̀tí àti díẹ̀ nínú oògùn tó wà lójú ara kúrò. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà rẹ èso ápù sínú omi tí wọ́n po sódà ìdáná sí. Ó gba ìṣẹ́jú 12 sí 15 kó tó mú oògùn méjì tí wọ́n fi dán an wò kúrò lójú ara èso náà. Èyí tó ti wọnú èèpo lọ, sódà ò rí i mú.

Oògùn bíi cypermethrin, òróró ló fẹ́ràn ju omi lọ. Ó máa ń wọ inú ohun dídán tó bo èèpo tòmátì, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ẹni tó bá bó èèpo rẹ̀ ló máa mú èyí tó pọ̀ jù kúrò. Ṣùgbọ́n oògùn tó ń gba gbòǹgbò tàbí ewé wọnú ewéko lọ, irú imidacloprid, inú omi ara rẹ̀ ló wà. Ẹ fọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, inú ló wà. Nítorí náà fífọ̀ dára, mo máa ń fọ tèmi, ṣùgbọ́n kò lè gba ipò ọjọ́ tí ẹ ò dúró.

Onílẹ̀Dúdú

Gbogbo yín ti dá a lóhùn lórí tòmátì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni èmi ti fara gbá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná. Ẹnì kan fún mi ní ìgbẹ́ ẹran lọ́fẹ̀ẹ́, ó ti jẹrà dáadáa, ó dúdú, kò rùn. Mo kó o sí ìdí tòmátì, ata àti ẹ̀wà. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewé tuntun orí tòmátì kò là mọ́. Ó ká jọ sínú bí ìkúùkù ọmọ tuntun, ó tín-ín-rín, iṣan ara rẹ̀ wá ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìlà ìwé. Àwọn ewé ìsàlẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, wọ́n tutù yọ̀yọ̀. Mo kọ́kọ́ pè é ní àrùn, mo tún fín oògùn sí i! Ẹ̀wà ló là mí lójú, nítorí gbogbo ẹ̀wà tó wà nídìí ìgbẹ́ yẹn ló ká kò, èyí tí mo gbìn síbi tí ìgbẹ́ ò dé ń ràn lọ ní tirẹ̀.

Oògùn apako tí wọ́n fín sí koríko tí ẹran jẹ ni. Aminopyralid lórúkọ rẹ̀, clopyralid àti picloram jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Wọ́n máa ń pa ewé gbooro, wọn kì í pa koríko. Ẹran á jẹ koríko náà, oògùn á gba inú rẹ̀ kọjá láìyí padà, á bá ìgbẹ́ jáde. Nínú òkìtì ìgbẹ́, ó lè wà níbẹ̀ títí ọdún á fi yí po. Ní 2008, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú ìgbẹ́ báyìí ba ọgbà àwọn èèyàn jẹ́ débi tí wọ́n fi dá títa aminopyralid dúró fún ìgbà kan.

Ohun tó jẹ́ kó máa bí mi nínú ni pé ìwọ̀nba kékeré báyìí ló ń ba tòmátì jẹ́.

Ó_Ti_Pẹ́_Lóko

Kí lẹ wá ṣe sí i?

Onílẹ̀Dúdú

Mo fa gbogbo ewéko tó ká kò yẹn tu, mi ò jù wọ́n sí òkìtì ajílẹ̀, nítorí oògùn náà wà nínú wọn. Mo tú ìgbẹ́ yẹn ká, mo ro ó mọ́ ilẹ̀, nítorí àwọn kòkòrò tíntìntín inú ilẹ̀ ló lè jẹ ẹ́, nínú òkìtì wọn ò rí i ṣe tó bẹ́ẹ̀. Mo gbin àgbàdo síbẹ̀, ẹ̀yà koríko ni àgbàdo, kò ṣe é ní nǹkan kan. Mo tún ń tú ilẹ̀ náà lóòrèkóòrè. Ọdún kejì ni mo tó gbin tòmátì padà síbẹ̀.

Láti ìgbà náà, mi ò gba ìgbẹ́ ẹnikẹ́ni láìfi ẹ̀wà dán an wò. Èyí sì ni mo fẹ́ kí OlókoẸ̀yìnkùlé ṣe fún ebè atrazine rẹ̀. Bu ilẹ̀ níbi márùn-ún sí mẹ́fà lórí ebè náà, kì í ṣe ojú ilẹ̀ nìkan, wà á dé bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Pò ó pọ̀, kó o sínú ike mẹ́ta. Bu ilẹ̀ mìíràn níbi tí o mọ̀ dájú pé oògùn ò dé rí, kó o sínú ike mẹ́ta mìíràn. Gbin ẹ̀wà àti lẹ́túùsì tí o fẹ́ gbìn gan-an sínú gbogbo wọn, gbé wọn síbi ìmọ́lẹ̀ kan náà, bomi rin wọ́n bákan náà. Èyí tí oògùn ò dé yẹn ni ẹlẹ́rìí rẹ. Láìsí i, bí ewé bá pọ́n, wàá máa bi ara rẹ bóyá omi ló pọ̀ jù ni.

BàbáLáàbù

Ìmọ̀ràn yìí dára ju láàbù lọ fún ohun tó ń wá. Àlàyé díẹ̀: má yọ̀ bí wọ́n bá hù. Atrazine kì í dí irúgbìn lọ́wọ́ láti hù. Iṣẹ́ tí ewé ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ló ń bà jẹ́, nítorí náà ó di ìgbà tí oúnjẹ inú kóró bá tán tí ewé ní láti ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ kí wàhálà tó yọjú. Etí àwọn ewé tó dàgbà jù ni á kọ́kọ́ máa pọ́n, á sì máa gbẹ. Dúró ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Iye tí wọ́n sábà ń kọ fún ìlàjì atrazine nínú ilẹ̀ oko jẹ́ bí ọjọ́ 60. Oṣù méjì tìrẹ, ìdajì rẹ̀ lè ṣì wà níbẹ̀ báyìí. Bí ilẹ̀ bá gbẹ tàbí tí ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbàdo ò mọ̀ ọ́n lára nítorí pé ó ní ohun tó fi ń pa atrazine nínú ara rẹ̀. Ẹ̀wà ò ní in. Lẹ́túùsì ò ní in.

Mo fẹ́ kí a tún ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ níbí, nítorí wọ́n ti ń dàpọ̀: kí oògùn kúrò níbì kan yàtọ̀ sí kí ó kú. Atrazine tó bá omi wọ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ kò sí lórí ebè mọ́, ṣùgbọ́n inú omi abẹ́ ilẹ̀ ló lọ, ibi tó tutù, tó ṣókùnkùn, tí àwọn kòkòrò tíntìntín ò sì pọ̀, yóò pẹ́ níbẹ̀ ju orí oko lọ. Nítorí pé ó ń yọ nínú omi abẹ́ ilẹ̀ ni Yúróòpù kò fi gbà á láàyè mọ́ láti 2004. Paraquat, oògùn apako mìíràn, ní tirẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ amọ̀ pinpin. Ìlàjì rẹ̀ nínú ilẹ̀ ń lọ sí bí ọjọ́ 1000, bẹ́ẹ̀ ó ṣòro kí ewéko rí i fà. Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n amọ̀ ti dè é. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá kú, ọmọ wọn á jókòó: DDT, oògùn kòkòrò kan, á di DDE, ó sì lè pẹ́ jù ú lọ. Glyphosate á di AMPA.

Èyí tó burú jù tí mo mọ̀ ni chlordecone. Ní Martinique àti Guadeloupe, wọ́n lò ó láti 1972 dé 1993 fún kòkòrò tó ń jẹ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Títí di òní ó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀, isu àti àwọn irè abẹ́ ilẹ̀ mìíràn ń fà á, ó ti ṣàn dé odò, ó wà lára ẹja. Ọ̀dọ̀ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjọ́ kọ́ la ń sọ.

Apálá_àti_Ata

Bàbá, ṣé kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe kí ti inú ilẹ̀ tètè kú? Mo gbọ́ pé bí èèyàn bá da ajílẹ̀ púpọ̀ sí i, ó ń ràn án lọ́wọ́.

BàbáLáàbù

Ó ń ràn án lọ́wọ́, ó sì tún ń dí i lọ́wọ́. Ajílẹ̀ ń bọ́ àwọn kòkòrò tíntìntín, wọ́n á pọ̀, wọ́n á jẹun dáadáa. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ dúdú tún máa ń di oògùn mú, ohun tó bá sì dì mú, àwọn kòkòrò náà ò rí i jẹ. Fún ẹni tó fẹ́ gbin nǹkan, kò burú, nítorí ohun tó dì mú kò tètè wọ gbòǹgbò. Lájorí ni kí ilẹ̀ rin láìkún fún omi, kí afẹ́fẹ́ sì máa wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ oògùn kì í kú dáadáa nínú ilẹ̀ tí omi dá lé.

Àwọn kòkòrò yẹn tún gbọ́n o. Ilẹ̀ tí wọ́n bá ń da carbofuran, oògùn kòkòrò kan, sí léraléra, wọ́n á kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, títí oògùn náà á fi máa kú kó tó ṣiṣẹ́ rárá. Àgbẹ̀ á máa sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

ÌyáỌlọ́gbà

Oògùn inú ẹ̀rọ ìfín náà ńkọ́? Mo rí àwọn tó ń pò ó lálẹ́ kí wọ́n lè fín in láàárọ̀.

BàbáLáàbù

Kí wọ́n yé e. Captan, oògùn àrùn ewéko kan, nínú omi tí pH rẹ̀ (ìwọ̀n tó ń ga bí kíkan omi bá ti ń dín kù) ju 8 lọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà kí ìdajì rẹ̀ tó bàjẹ́. Malathion náà kórìíra irú omi bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹ bá máa fín ní wákàtí yẹn nìkan ni kí ẹ pò.

OlókoẸ̀yìnkùlé (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Tòmátì mẹ́fà yẹn, mo já wọn dànù ní Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an. Àwọn tó pọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e náà tẹ̀ lé wọn, ó dùn mí dé eegun. Ìwé ara ike náà, lẹ́tà rẹ̀ kéré débi tí mo fi ní láti fi fóònù ya á kí n tó rí i kà, sì sọ ọ́ lóòótọ́ pé kí n má lò ó lábẹ́ ibi tí a bò. Mo ti ń fọwọ́ ṣa kòkòrò báyìí, igi mẹ́rìnlá péré ṣá ni.

Ike ẹ̀wà: gbogbo wọn hù lọ́jọ́ kan náà, mo sì ti ń rẹ́rìn-ín pé Bàbá kàn ń dẹ́rù bà mí. Ọjọ́ kẹtàlá, ewé ìsàlẹ̀ nínú àwọn ike mẹ́ta ilẹ̀ àgbàdo bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n létí, bí ìgbà tí èèyàn fi àbẹ́là ra á lẹ́tí. Lẹ́túùsì inú wọn ti kú tán lọ́jọ́ kejìdínlógún. Àwọn ike mẹ́ta kejì tutù minimini.

Nítorí náà mo ti gbin àgbàdo padà sórí ebè yẹn. Ẹ̀wà á lọ síbòmíràn.

Ó_Ti_Pẹ́_Lóko

O ṣe dáadáa. Èpò inú àgbàdo ọ̀hún ńkọ́, kí lo máa fín sí i?

OlókoẸ̀yìnkùlé

Ẹ̀gbọ́n, ọkọ́ ni.